Ariwo àtọwọ́dá: Ìdí tí àwọn ẹnjiníà fi ń ṣe ariwo tí gbogbo wa ń sá fún

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2024, ariwo bolẹ̀ ní pápá ìṣeré Stade de la Paix ní Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Super Eagles ilẹ̀ Nàìjíríà àti Bafana Bafana ilẹ̀ South Africa ló ń wàákò nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje AFCON.

Ẹni tó wo eré náà kò ní tètè gbàgbé rẹ̀. William Troost-Ekong fi pẹnáritì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 67. Nígbà tí eré fẹ́ parí, Victor Osimhen gbá òmíràn wọlé, igbe ayọ̀ sì ta. Kò pẹ́ tí VAR fi wọ́gi lé e, tí wọ́n sì fún South Africa ní pẹnáritì dípò rẹ̀. Teboho Mokoena gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 90. Ọ̀mì 1-1 ni eré náà já sí, kí Nàìjíríà tó borí pẹ̀lú 4-2 nígbà tí wọ́n gbá pẹnáritì.

Ṣùgbọ́n lónìí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ. Ariwo la fẹ́ sọ.

Oríṣi ariwo méjì ló wà ní pápá ìṣeré lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni hùn-hùn tí kì í dáwọ́ dúró: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, kò sì sí ohùn ẹnì kan tó dá yàtọ̀. Ìkejì ni igbe òjijì tó ń bú jáde bí bọ́ọ̀lù bá wọlé tàbí tí adájọ́ bá fọn fèrè. Bí ẹ bá fi fóònù pe ẹnì kan láti inú pápá náà, ẹ lè pariwo sọ̀rọ̀ borí hùn-hùn yẹn. Ṣùgbọ́n bí igbe òjijì bá dé, gbólóhùn tó wà lẹ́nu yín lásìkò náà ti sọ nù nìyẹn.

Inú wáyà àti inú afẹ́fẹ́ tí rédíò àti fóònù ń lò náà ní ariwo méjèèjì yìí. Àwọn ẹnjiníà kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú ariwo bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa yí i bí wọ́n ṣe fẹ́.

Kí ni ariwo inú wáyà?

Ẹ yí bọ́tìnì rédíò sí ibi tí kò sí iléeṣẹ́ kankan. Ṣàà tí ẹ ń gbọ́ yẹn ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, òun ni ẹ̀ṣẹ́ẹ̀ṣẹ́ funfun àti dúdú tó máa ń jó lójú ẹ̀rọ bí eriali bá já.

Apá kan nínú rẹ̀ ń wá láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1918, Walter Schottky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ṣàlàyé pé iná mànàmáná kì í ṣàn geere bí omi. Electron lọ́kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n ń bọ́ bí òjò ṣe ń bọ́ sórí páànù. Ní 1928, John B. Johnson àti Harry Nyquist, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ooru nìkan ti tó láti dá ariwo sílẹ̀. Gbogbo ohun tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá, tó bá ti ní ooru díẹ̀ lára, àwọn electron inú rẹ̀ ń ta pọ́nún-pọ́nún, wọn kì í sinmi.

Ariwo yìí kéré gan-an. Lára resistor 10,000 ohm tó wà nínú yàrá lásán, bí a bá wọn ariwo rẹ̀ títí dé 10 kHz, kò ju nǹkan bí 1.3 lọ nínú mílíọ̀nù kan volt. Síbẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí a fi lè lé e lọ pátápátá, àfi bí a bá lè lé gbogbo ooru kúrò lára ẹ̀rọ.

Apá kejì ń wá láti ìta. Ní agbègbè tiwa, àrá ni ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mànàmáná bá kọ, ó ń rán ìgbì rédíò jáde, ìgbì náà sì lè rin ìrìn àjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ìdí nìyí tí rédíò AM fi máa ń ké pàkà-pàkà lálẹ́ òjò, kódà nígbà tí òjò kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ẹni tó fẹ́ ta agboòrùn gbọ́dọ̀ bu omi sí i lórí kó tó gbé e lọ sọ́jà. Kò ní jókòó de òjò.

Bákan náà, iléeṣẹ́ tó ń ṣe rédíò, fóònù tàbí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ariwo. Ariwo àdáyébá kì í dé lásìkò tí a bá fẹ́, kì í sì í dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá dán ẹ̀rọ A wò lónìí, tí wọ́n dán ẹ̀rọ B wò lọ́la, ta ni yóò sọ pé ariwo kan náà ni àwọn méjèèjì kojú? Nítorí náà, wọ́n ń ṣe ariwo tiwọn, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì lè ṣe irú rẹ̀ gan-an padà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a ń gbà lò ó. Bí dókítà bá ń yẹ etí kan wò, ó lè fi ariwo kún etí kejì, kí etí tó yá má baà bá èyí tó ń ṣàìsàn gbọ́ràn. Ariwo náà gbọ́dọ̀ bá ohùn tó ń fi ṣàyẹ̀wò mu, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì yóò ṣini lọ́nà.

Ní Bìrìtéènì, ní oṣù Kẹfà ọdún 1957, ariwo inú túùbù neon ni ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ERNIE bẹ̀rẹ̀ sí í fi mú nọ́ńbà àwọn tó jẹ owó Premium Bonds. Àwọn ẹnjiníà Post Office ní Dollis Hill, London, ló kọ́ ọ. Wọ́n lo ariwo nítorí pé kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí yóò ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fún un ní rìbá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti wá ohun tó ń pariwo fúnra rẹ̀, kí a sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ Zener diode àti transistor dáadáa. Bí a bá gbé iná gba òdìkejì láàárín emitter àti base transistor kékeré kan, yóò kọ́kọ́ dínà mọ́ iná náà. Tó bá tó nǹkan bí volt 6 sí 9, ọ̀nà náà yóò já, àwọn electron yóò sì máa ya wọlé gìrọ́gìrọ́ bí èrò tó já ilẹ̀kùn pápá ìṣeré. Ariwo tó ń ti ibẹ̀ jáde lágbára ju ti resistor lọ fíìfíì. Bátìrì volt 12 tó o fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi resistor dín iná kù, kí transistor má baà jóná.

Ọ̀nà kejì ni ti ìṣirò. Wọ́n to àwọn àpótí kéékèèké tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú 0 tàbí 1 lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà tí aago ẹ̀rọ bá lù, kálukú yóò gbé ohun tó mú fún ẹnì kejì, èyí tó wà níwájú yóò sì gba èsì ìṣirò tí wọ́n ṣe láti ara àwọn kan lẹ́yìn. Bí àpótí náà bá jẹ́ 31, tí wọ́n sì to ìṣirò náà dáadáa, 0 àti 1 tó ń jáde kò ní tún ara wọn sọ títí yóò fi pé ìgbà 2,147,483,647. Bí aago bá ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 36 kí wọ́n tó padà síbẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ àṣírí rẹ̀, ariwo gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é lè pe ariwo kan náà padà nígbàkúùgbà.

Ní 1967, iléeṣẹ́ Hewlett-Packard gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní 3722A. Ẹni tó bá ń lò ó lè yan bí ariwo ṣe máa fẹ̀ tó àti ìgbà tí yóò gbà kó tó tún ara rẹ̀ sọ. Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré lè ṣe iṣẹ́ náà.

Bọ́tìnì mẹ́ta

Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí rédíò tó bà jẹ́ ni pé a lè yí ìwà ariwo rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ní bọ́tìnì mẹ́ta.

Bọ́tìnì àkọ́kọ́ ni agbára: báwo ni ariwo náà ṣe lágbára tó?

Bọ́tìnì kejì ni àwọ̀. Ariwo funfun ni èyí tí agbára rẹ̀ dọ́gba káàkiri, láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ń dún bí òjò lórí páànù. Bí a bá dín ohùn òkè kù díẹ̀díẹ̀, yóò di ariwo aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń dún bí odò tó kún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí òde àríyá ń lo èyí láti mọ bí gbọ̀ngàn ṣe ń gba ohùn.

Bọ́tìnì kẹta ló ṣòro jù, òun náà ló sì kàn wá jù: ìrísí. Ìgbà mélòó ni ariwo náà ń fò sókè lójijì?

Ẹ padà sí Stade de la Paix. Hùn-hùn èrò jẹ́ àkópọ̀ ohùn kéékèèké púpọ̀. Bí a bá ka gíga rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, tí a sì yà á sórí ìwé, àwòrán náà yóò dà bí agogo: púpọ̀ wà láàárín, díẹ̀ wà ní etí. Nínú irú ariwo yìí, èyí tó ga ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 3 kò ju nǹkan bí 3 lọ nínú 1,000. Èyí tó ga ní ìlọ́po 5 kò ju nǹkan bí 6 lọ nínú mílíọ̀nù 10. Ẹ lè sọ pé kì í ṣẹlẹ̀.

Àrá kò mọ òfin yẹn. Lálẹ́ òjò, ariwo tó ga ní ìlọ́po 10 kì í ṣe tuntun. Ariwo méjì lè ní agbára kan náà pátápátá, kí ọ̀kan jẹ́ hùn-hùn, kí èkejì jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tí àrá ń sán láàárín rẹ̀. Ẹ̀rọ tó la àkọ́kọ́ já lè ṣubú lọ́wọ́ èkejì. Ọgbọ́n tí a fi ń kojú wọn yàtọ̀ síra: fún ti àrá, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gé orí ariwo òjijì kúrò, tàbí kó fọ́n ọ̀rọ̀ ká sí oríṣiríṣi àkókò, kí àrá kan má baà gbé odidi gbólóhùn lọ.

Àwọn ẹnjiníà ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń wọn ìwà yìí, wọ́n ń pè é ní Vd. Fún hùn-hùn tó ń dún geere, Vd jẹ́ decibel 1.05. Bí àrá bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ga.

Ta ló wọn ariwo tiwa?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dé ilé. Ẹni tó jókòó sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà lè yí bọ́tìnì kẹta bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mọ ibi tó yẹ kó yí i sí, bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Bouaké? Àfi kí ẹnì kan ti wá wọn ariwo agbègbè náà.

Ẹnì kan wá, Ìbàdàn sì ni wọ́n ti ṣe é.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ARN-2 kalẹ̀ sí ibùdó 16 káàkiri àgbáyé, láti lè mọ bí ariwo ojú ọ̀run ṣe rí níbi gbogbo. Ìbàdàn wà lára wọn, pẹ̀lú Pretoria ní South Africa, Rabat ní Morocco, New Delhi ní Íńdíà àti Singapore. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ariwo ní ojú ìgbì mẹ́jọ, láti 13 kHz títí dé 20 MHz, tọ̀sán tòru. Iléeṣẹ́ National Bureau of Standards ti Amẹ́ríkà ń tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Láti inú àkọsílẹ̀ yìí ni ìwé kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Report 322 ti jáde ní 1964 ní Geneva. Wọ́n pín ọdún sí ìgbà mẹ́rin, wọ́n pín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà, wọ́n sì ya máàpù ariwo ayé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà sọ agbára ariwo, ó sì sọ ìrísí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ariwo àtọwọ́dá tó jọ ti òru ọjọ́ òjò ní ilẹ̀ olóoru, ibẹ̀ ló ti máa rí nọ́ńbà tí yóò fi sórí bọ́tìnì rẹ̀.

Ìbàdàn lè gbẹnu sọ fún Bouaké nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, nǹkan bí digirì 7 àbọ̀ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nǹkan bí 1,000 kìlómítà ló sì là wọ́n láàárín. Ìjì òjò tó ń jà ní agbègbè wa sábà máa ń gbéra láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ará Èjìgbò tó lọ ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire gbà.

Côte d'Ivoire náà ti ṣe irú iṣẹ́ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Láàárín 1992 sí 1994, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì to ibùdó mẹ́wàá láti Lamto ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà lọ dé Tombouctou ní Mali. Katiola tó wà lókè Bouaké àti Tiébissou tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wà lára wọn. Kì í ṣe ariwo rédíò ni wọ́n wá gbọ́. Ìyípadà agbára òòfà ilẹ̀ ayé àti iná inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára ibẹ̀.

Ariwo tí kò sí nínú ìwé

Ariwo àrá kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ayé àwọn baba wa. Ariwo tí àwa fúnra wa ń dá sílẹ̀ ló yí padà.

Ní 1960, mélòó ni jẹnẹrétọ̀ tó wà ní àdúgbò kan? Lónìí, àwọn nìkan kọ́. Inverter wà, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú wà, ṣájà fóònù wà, ẹ̀rọ oòrùn wà, ọ̀kadà sì wà níbi gbogbo. Gbogbo wọn ló ń sọ ariwo sínú afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń fò sókè lójijì bí ti àrá.

Ìwé tí àwọn ẹnjiníà ayé ń tẹ̀ lé fún ariwo rédíò lónìí ni P.372, tí àjọ ITU ń tẹ̀ jáde. Apá tó sọ nípa ariwo àrá nínú rẹ̀ ṣì ń jẹ nínú iṣẹ́ tí Ìbàdàn wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ìwé náà lò fún ariwo ìlú, ariwo ọwọ́ ènìyàn, ti ara ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ló ti wá. Ọjà Bouaké kò sí nínú rẹ̀. Alábà kò sí nínú rẹ̀. Dugbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnjiníà tó jókòó sí ìlú òyìnbó, tó fẹ́ fi ariwo àtọwọ́dá dán rédíò ọlọ́pàá, ẹ̀rọ mítà iná tàbí ẹ̀rọ abánisọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wò kó tó kó o wá fún wa, yóò fi ariwo ìlú ẹlòmíràn dán an wò. Ẹ̀rọ náà yóò yege níbẹ̀. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa tó wá ń dákú, a ó ní iṣẹ́ ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ pé idánwò tí wọ́n ṣe fún un kì í ṣe tiwa ni.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe?

Iṣẹ́ yìí kò gbówó lórí bíi ti ayé ARN-2 mọ́. Rédíò kékeré kan wà tí a ń kì bọ ẹnu USB kọ̀ǹpútà, tó lè gba ariwo sílẹ̀ ní oríṣiríṣi ojú ìgbì. Pẹ̀lú eriali tó dára, akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ariwo ọjà sílẹ̀ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti lálẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké. Yóò ka iye ìgbà tí ariwo fò kọjá ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò wo bó ṣe jìnnà sí agogo tó. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ariwo tuntun tó ní agbára, àwọ̀ àti ìrísí kan náà. Ariwo Bouaké tàbí ti Ìbàdàn ti di ohun tí a lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Inú wáyà ni ariwo àtọwọ́dá gbọ́dọ̀ mọ, láti ẹnu ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ẹni tó bá so ó mọ́ eriali ti ń dí àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, òfin sì lè mú un. Ní Nàìjíríà, àjọ NCC ló ń mójú tó o.

Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí a wò kí a tó dán ẹ̀rọ wò. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn, ẹ̀rọ kan jókòó sí Ìbàdàn, ó ń tẹ́tí sí àrá lóru, títí ayé fi mọ bí ojú ọ̀run wa ṣe ń pariwo. Ariwo ilé wa, ariwo ọjà wa àti ti òpópónà wa ló kù tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì, kó sì wọ̀n.